Karen ní Amẹ́ríkà, Kevin ní Jámánì
Ní Amẹ́ríkà, ipò kẹta ni Karen wà láàárín orúkọ ọmọbìnrin lọ́dún 1965. Lónìí, ó ti di orúkọ ìnagijẹ fún obìnrin aláwọ̀ funfun tó ń dúró níwájú káńtà, tó ń fi dandan lé e pé àfi kí wọ́n pe máníjà wá, tàbí tó ń pe ọlọ́pàá sí aláwọ̀ dúdú tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kevin ní tirẹ̀ ló gbapò kìn-ín-ní láàárín orúkọ ọmọkùnrin ní Jámánì lọ́dún 1991, kó tó di orúkọ tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ mẹ̀kúnnù aláìgbọràn. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Yunifásítì Oldenburg lọ́dún 2009, olùkọ́ kan kọ ọ́ pé Kevin kì í ṣe orúkọ rárá, àbájáde àyẹ̀wò dókítà ni.

Lójú tèmi, ti Kevin ló dunni jù. Ọ̀pọ̀ Karen ni kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà àgbàlagbà tó ti kó ẹlòmíràn sí wàhálà ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ọmọ ọdún méje tí olùkọ́ ti fojú burúkú wò bó ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ láàárọ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan.