Àdá sípíríǹgì fún inú igbó: ohun tó ṣe dáadáa àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó

Àdá tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tò sílẹ̀ tà lọ́jà. Orí páálí la ti ya àwòrán rẹ̀, a gbé páálí náà lọ bá alágbẹ̀dẹ, òun ló fi sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù rọ ọ́. Irin kan ṣoṣo la fẹ́ tó máa ṣe iṣẹ́ àdá, iṣẹ́ ọ̀bẹ àti díẹ̀ nínú iṣẹ́ àáké fún ẹni tó máa sun inú igbó lọ́jọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin: kó lànà, kó gé igi àgọ́, kó la igi ìdáná, kó gbẹ́ èèkàn, kó la ikùn ẹja, kó sì ṣeé fi dáná. Oṣù mẹ́jọ ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́, nínú òjò àti nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ojú rẹ̀ dára ju bí a ṣe rò lọ. Èèkù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sí i kò dára rárá. Eyín ayùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwa la ní kí wọ́n gé e síbẹ̀, a ò lè di ẹ̀bi ìyẹn ru ẹnikẹ́ni.

Láti ìdí èèkù dé ṣóńṣó, ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 47: irin tó ń gé nǹkan gba 32, èèkù gba 15. Ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn ní mílímítà 5 lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkù, wọ́n wá fi owú lù ú títí ó fi fẹ́lẹ́ dé mílímítà 3 níwájú. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4 nídìí, ó sì gbòòrò dé 6 níbi tí ikùn rẹ̀ ti yọ. Gbogbo rẹ̀ wọn gírámù 590. Bí a bá gbé e lé ìka kan, sẹ̀ǹtímítà 7 síwájú èèkù ló ti ń dúró láì fì síbì kan, ìyẹn ni pé orí rẹ̀ wúwo ju ìdí lọ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn fún ohun tí a fẹ́ fi gé igi. Àdá tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ bá wà nínú èèkù, apá ẹni ló máa sọ.

Ojú kan ló ní, àmọ́ ọ̀nà mẹ́ta la pín in sí, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Sẹ̀ǹtímítà 9 tó sún mọ́ èèkù jù ń ṣe iṣẹ́ ọ̀bẹ. Ibẹ̀ lọ gbọọrọ, dígírì 15 ni a sì pọ́n ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí. Ìdí tó fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ni pé ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ní agbára, tó sì ti mọ ibi tí irin ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi iwájú àdá gbẹ́ èèkàn yóò rí i pé ọrùn ọwọ́ ló ń dun òun. Sẹ̀ǹtímítà 13 tó tẹ̀ lé e wà ní dígírì 20, òun ló ń ṣán ewéko tó sì ń gé ìtàkùn. Sẹ̀ǹtímítà 10 tó kù, níbi ikùn, wà ní dígírì 25, òun ló ń já lu igi. Bí a bá pọ́n ikùn yẹn fẹ́lẹ́ bíi ti ìdí, ìgbà àkọ́kọ́ tó bá pàdé kókó igi ni yóò ká tàbí kó fọ́ létí.

Kò dìgbà tí ẹ bá ní ohun ìwọn dígírì. Ẹ tẹ́ ojú àdá lé òkúta ìpọ́n, kí ẹ wá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Níbi tí irin ti fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, bí ẹ̀yìn bá fi sẹ̀ǹtímítà 1 kúrò lórí òkúta, dígírì 15 nìyẹn. Níbi tó fẹ̀ ní 5, ẹ gbé e sókè ní 1.7. Níbi tó fẹ̀ ní 6, ẹ gbé e dé 2.5. A gé pákó wẹ́wẹ́ mẹ́ta sí gíga wọ̀nyẹn, a dá ihò sí wọn, a so wọ́n mọ́ àkọ̀. Ẹni tí kò tíì pọ́n irin rí náà lè fi ṣe òdiwọ̀n.

Láàárín èèkù àti ojú, alágbẹ̀dẹ fi fáìlì dá ọ̀fíìfo kékeré kan síbẹ̀ kí òkúta lè pọ́n ojú dé ìdí pátápátá. Èrò náà dára, àmọ́ ó fẹ̀ tó mílímítà 8, gbogbo okùn àti èèpo igi tí a bá ń bó ló sì máa ń há síbẹ̀. Mílímítà 4 ti tó.

Nínú igbó, ẹ̀ka gmelina tútù tó tó ọrùn ọwọ́ kì í gbà ju ìgbà mẹ́rin sí márùn-ún lọ, tí a bá gé e ní ìdagẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan láti òkè, lẹ́ẹ̀kan láti ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá gé e ní ìbú tààrà, irin náà máa há, ẹ ó sì máa fa èèkù láìnídìí. Láti la igi ìdáná, a máa ń gbé ojú rẹ̀ lé orí ìtì, a ó sì fi kùmọ̀ gbá ẹ̀yìn rẹ̀. Ìtì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 ń là, nítorí irin tó tó sẹ̀ǹtímítà 10 ṣì yọ síta níwájú tí kùmọ̀ lè máa bà. Ọparun tútù kò jẹ́ nǹkankan lójú rẹ̀. Ọparun gbígbẹ ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí èèpo rẹ̀ ń pa ojú irin bí ẹni tó ń gé yanrìn, ọgbọ̀n ọ̀pá tí a gé fún àgọ́ kan ti tó láti mú kí ojú rẹ̀ kú.

Ewé Akíntọ́lá àti eèsún ló fi hàn pé kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó wúwo jù fún wọn. Àdá Tramontina, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti wà ní Carlos Barbosa ní orílẹ̀-èdè Brazil láti 1911, kò nípọn ju nǹkan bíi mílímítà 2 lọ, ó sì ń ṣán koríko ju tiwa lọ fíìfíì. Àdá oníọ̀nì táwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ náà jù ú lọ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣán oko láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ọ̀kan nínú ìyẹn ni kó rà. Àmọ́ ẹ má fi kùmọ̀ gbá ẹ̀yìn wọn lórí ìtì, wọ́n á tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ.

Iná ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́ jù. Irin sípíríǹgì dára fún irú iṣẹ́ yìí torí pé kábọ̀nù inú rẹ̀ sábà máa ń tó 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún, ó le tó láti mú, kò sì le débi pé yóò máa fọ́ bí àwo. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì tó ti gbé ẹrù lọ́dún gbọọrọ lè ti là nínú kí ojú má rí i. Ẹ ní kí alágbẹ̀dẹ gé bíńtín níbẹ̀, kó yọ́ ọ pọ́n, kó rì í bọ epo, kó wá fi owú ṣẹ́ ẹ. Bí inú ibi tó ṣẹ́ bá rí bí eérú, tó kúnná, ó dára. Bó bá rí bí iyọ̀ oníkóró, iná ti pọ̀ jù. Bí ìlà dúdú tàbí ìpẹtà àtijọ́ bá wà nínú ibi tó ṣẹ́, ibẹ̀ ti là tipẹ́, ẹ wá sípíríǹgì mìíràn.

Abẹ́ òjìji ni kí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ iná yìí, torí oòrùn kì í jẹ́ kí ojú rí àwọ̀ irin. Ẹ mú òòfà lọ́wọ́. Nígbà tí irin bá ti gbóná dé nǹkan bíi 770 dígírì Celsius, òòfà kò ní fà á mọ́. Kí wọ́n jẹ́ kó gbóná díẹ̀ sí i, kó tó ìwọ̀n 830, kí wọ́n wá ti ojú rẹ̀ bọ epo ẹ̀pà tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, irú èyí tí ìka ṣì lè gbà. Kì í ṣe omi. Àdá àkọ́kọ́ tí wọ́n rọ fún wa, omi ni wọ́n rì í bọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí irin ọkọ́; a gbọ́ ìró rẹ̀, tín, ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun sì yọ sínú ikùn rẹ̀. Orí àkìtàn ni ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn epo, irin náà ti le jù, fáìlì á máa yọ̀ lórí rẹ̀ bíi pé orí dígí ni. Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fi yẹpẹ ìnulẹ̀ tàbí pépà oníyanrìn nù ún kó máa dán, kí wọ́n wá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sórí irin gbígbóná. Àwọ̀ máa ń sá láti ẹ̀yìn wá sójú: pupa rẹ́súrẹ́sú bíi koríko gbígbẹ, àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ àlùkò, búlúù. Nígbà tí ẹ̀yìn bá di búlúù tí ojú sì wà ní àwọ̀ ilẹ̀, kí wọ́n dá ooru dúró níbẹ̀ nípa títì í bọ epo. Ẹ̀yìn á wá lè gba kùmọ̀, ojú á sì lè pẹ́ kó tó kú. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa báyìí, fáìlì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú agídí, bó ṣe yẹ nìyẹn.

Èèkù àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìbílẹ̀: wọ́n na ìdí irin di tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n yọ́ ọ pọ́n, wọ́n tì í bọnú igi. Ó tó fún ọkọ́ àti àdá oko. Ọjọ́ kẹwàá tí a fi la igi, ó ti ń mì. Èkejì ni a wá ṣe: irin gba inú èèkù já ní fífẹ̀ àti gígùn rẹ̀, abala igi ayin méjì wà ní ìhà méjèèjì, òpó idẹ mẹ́ta tó fẹ̀ ní mílímítà 6 gbà á já, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ méjì tí a fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Igi náà ní láti gbẹ dénú. Bó bá tutù, yóò sún kì, àlàfo á yọ láàárín òun àti irin, omi á wọ̀ ọ́, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ ò ti lè rí i. Ìdí èèkù tẹ̀ sísàlẹ̀ bí ẹnu àṣá kó má bàa yọ lọ́wọ́ tó làágùn. Ẹ má fi fánísì kùn ún, ó máa ń yọ̀, ó sì máa ń bó ọwọ́; epo linseed, irú èyí tí wọ́n fi ń kun igi, tí a fi aṣọ nù wọ̀ ọ́ ti tó.

Ní ti eyín ayùn: méjìlá ni, kò sì gé nǹkankan. Eyín tó nípọn dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀yìn irin, tí kò yà sọ́tùn-ún sósì, há ni yóò máa há nínú igi. Ó tún ń jẹ kùmọ̀ wa, ìdí eyín kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ibi tí irin lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í là. A ti fi ẹ̀rọ gíráńdà lọ̀ ọ́ kúrò, a ń da omi sí i kó má gbóná. Ohun tó ṣeé fi sí ẹ̀yìn àdá tó sì ń ṣiṣẹ́ ni ìwọ̀ tí wọ́n pọ́n inú rẹ̀, irú èyí tó wà lára àdá Woodman's Pal tí Frederick Ehrsam ṣe ní Pennsylvania ní 1941, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ìwọ̀ yẹn ń fa ìtàkùn wálẹ̀, ó sì ń gé e. Ẹni tó bá nílò ayùn kó mú ayùn àkápọ̀ dání.

Iná dídá rọrùn ju bí a ṣe rò. Sẹ̀ǹtímítà 6 lára ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkù, la fi sílẹ̀ ní igun tó mú, ìyókù la fi fáìlì pa kó má bàa gé àtẹ́lẹwọ́. Ẹ di àdá mú gbọnyin sórí òwú àràbà, kí ẹ wá fa ọ̀pá ferro, ìyẹn ọ̀pá tó ń ta iná bí irin bá ha á, sẹ́yìn lábẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ àdá lẹ ń tì síwájú, ẹ ó tú òwú náà ká.

Àkọ̀ awọ ń mu omi, ó sì ń dípẹtà sí irin. A lo páìpù omi PVC tó fẹ̀ ní mílímítà 50: a yá a lórí ẹ̀yinná títí ó fi rọ̀, kò kan iná torí èéfín rẹ̀ burú, a ki pákó tó nípọn ní mílímítà 6 bọ inú rẹ̀, a fi pákó méjì tẹ̀ ẹ́. Ó di pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7.5 nínú, ikùn àdá sì wọlé dáadáa. A dá ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè jáde. Epo ẹ̀pà ń lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù tó bá pẹ́ lára irin. Epo àgbọn la fi ń nù ún, torí a tún ń fi gé oúnjẹ.

Bí a bá tún rọ òmíràn, irin rẹ̀ kò ní ju sẹ̀ǹtímítà 28 lọ, kò sì ní léyín. Kí ẹ tó san ìyókù owó, ẹ gbé ojú àdá síwájú ojú kan, kí ẹ wo bóyá ó lọ gbọọrọ, kí ẹ sì so ó rọ̀ mọ́ okùn, kí ẹ fi irin kékeré kàn án. Èyí tó dún bí agogo ni kí ẹ gbà. Bó bá dún gbọ́fọgbọ́fọ, ẹ wá ẹ̀là náà lára rẹ̀ kí ẹ tó gbé e kúrò ní ilé arọ.