Ṣéènì kẹ̀kẹ́ KMC X9 lórí ìrìn-àjò gígùn: ohun tí mo rí lọ́nà Ẹ̀fọ̀n

Ọ̀nà Iléṣà sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni ṣéènì mi àtijọ́ ti já. Ẹrù wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún lósì, òkè ń ga sí i, mo sì yí jíà nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì ń tẹ pẹ́dà kíkankíkan. Mo kàn gbọ́ "kẹ̀ù!" ni, ẹsẹ̀ mi já sófìfo. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ṣéènì ti nà sójú títì bí ejò tí mọ́tò tẹ̀.

Ibi tó já gan-an ni ibi tí wọ́n ti so ó ní ṣọ́ọ̀bù kí n tó gbéra. Wọ́n ti píìnì (irin kékeré tó so ojú ṣéènì pọ̀ mọ́ra) jáde, wọ́n sì fi òòlù gbá píìnì kan náà padà. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ tí kò ní jíà lè gba irú ìyẹn, torí ó fẹ̀. Èyí tó wà fún kẹ̀kẹ́ tí àwo eléyín ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án tín-ín-rín, gígùn píìnì rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 6.6 lọ. Bí ẹ bá ti lé e jáde, kì í di ihò rẹ̀ mú dáadáa mọ́.

Ọpẹ́lọpẹ́ irinṣẹ́ kékeré tí a fi ń ti píìnì, àti ojú ìsopọ̀ kan (ojú ṣéènì tí a lè so, tí a sì lè tú, láìti píìnì) tí mo fi téèpù lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìjókòó. Mo yọ ojú tí awẹ́ rẹ̀ ti ya, mo fi ojú ìsopọ̀ sí àyè rẹ̀, mo yí pẹ́dà títí ó fi bọ́ sókè, mo di bíréèkì ẹ̀yìn mú, mo tẹ pẹ́dà: "kọ́!" Ó ti wọlé. Mo dé Ẹ̀fọ̀n kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìdí tí mo fi ra X9 nìyẹn: ojú ìsopọ̀ wà nínú páálí rẹ̀, ẹ sì lè tú u kí ẹ tún so ó padà. Ojú 116 ni tèmi ní. Mo nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, mo ka ojú rẹ̀, mo gé èyí tó lé. Ó ti rìn ju kìlómítà 1,000 lọ lábẹ́ mi, ó sì ń yí láìpariwo. Ohun tó dùn mí ni pé mo ti jẹ́ kí ti àtijọ́ gbó jù, ó ti jẹ eyín àwo ẹ̀yìn, ṣéènì tuntun wá ń yọ̀ lórí rẹ̀. Mo ní láti ra àwo náà pẹ̀lú.

Ẹ fi rúlà wọn tiyín. Láti píìnì kan sí èkejì jẹ́ ìdajì íǹṣì, nítorí náà ojú 24 gbọ́dọ̀ jẹ́ íǹṣì 12 géérégé. Bí ó bá ti fi ìdá kan nínú ìdá 16 íǹṣì kan gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i nígbà ọyẹ́, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ̀kọ. Ẹ kán ọ́ìlì kẹ̀kẹ́ sí ojú kọ̀ọ̀kan, ẹ yí pẹ́dà sẹ́yìn, kí ẹ wá fi àkísà nù ún títí ìta rẹ̀ á fi gbẹ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka àwo eléyín tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yín: bí kò bá jẹ́ mẹ́sàn-án, X9 kọ́ ni tiyín.