Ọ̀pá Họ́kì Atẹ̀nísàlẹ̀ àti Atẹ̀láàárín: Èwo Ló Yẹ Ọwọ́ Yín?

Bí ẹ bá wá ìmọ̀ràn nípa ọ̀pá họ́kì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé ni nọ́ńbà flex, 75, 85, 100, àti ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní kick point. Ẹ fò ó. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbá họ́kì lórí yìnyín ní Kánádà ni. Nọ́ńbà yẹn ni iye agbára, ní pọ́n-ùn, tó máa tẹ ọ̀pá wọn ní ínṣì kan. Wọ́n á fi ọ̀pá lu yìnyín díẹ̀ lẹ́yìn rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, ọ̀pá á tẹ̀ bí ọrun, á sì ta padà. Kick point ni ojú ibi tó ti ń tẹ̀: tó bá wà nísàlẹ̀, rọ́bà á tètè jáde, tó bá wà láàárín, ó ń fẹ́ àyè díẹ̀ ṣùgbọ́n ìgbá náà á le. Ọ̀pá tiwa, ti họ́kì orí pápá, kì í tẹ̀ báyẹn. Bí tiyín bá tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ti kán nìyẹn.

Ohun méjì ló ṣe pàtàkì nínú tiwa: bí ọ̀pá ṣe gan tó, àti ojú ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ láti ilé iṣẹ́. Mo ti ní oríṣi méjèèjì. Àkọ́kọ́ jẹ́ tòkunbọ̀ tí mo fi fóònù rà lọ́wọ́ ẹnì kan l'Ékòó ní ₦90,000: wọ́n kọ kábọ́ọ̀nù (ohun tó ń mú ọ̀pá gan) 90% sí i lára, ìtẹ̀ rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Èkejì, tó ṣì jẹ́ tèmi, jẹ́ kábọ́ọ̀nù 30%, fáíbà, tó rọ̀ ju kábọ́ọ̀nù lọ, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìtẹ̀ rẹ̀ wà láàárín.

Ká kọ́kọ́ sọ ti gígan. Òótọ́ ni pé kábọ́ọ̀nù ń gbá a le ju fáíbà lọ, torí kì í gbé agbára apá yín mì. Gbogbo rẹ̀ ló ń kó fún bọ́ọ̀lù. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ bá bọ́ọ̀lù náà níbi tó yẹ. Bí ẹ bá ṣì í gbá láàárọ̀ ọyẹ́, ọwọ́ yín á ta bí ẹni pé agbọ́n ta á. Bí ẹ bá sì fẹ́ gba bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíì ta sí yín, á fò kúrò lára ọ̀pá tó gan kí ẹ tó rí i mú. Fáíbà ní sùúrù fún ọwọ́ tí kò tíì mọ̀ ọ́n gbá dáadáa. Ẹ má sì fi 90% ilé iṣẹ́ kan wé 90% òmíì, torí bí wọ́n ṣe tò ó sínú ọ̀pá yàtọ̀ síra.

Ìtẹ̀ ló jẹ mí lówó, òun náà ló sì jẹ mí ní sùúrù.

Òfin àgbáyé ní ìtẹ̀ ọ̀pá kò gbọdọ̀ jìn ju 25 mm lọ, ibi tó jìn jù kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ìdí ìkọ́ (orí ọ̀pá tó ká, tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù) ju 200 mm lọ. Àwọn tó ń ṣe atẹ̀nísàlẹ̀ máa ń sún un débi tí òfin gbà gan-an. Atẹ̀láàárín máa ń wà ní bíi 250 sí 300 mm. Ẹ lè rò pé kí ni ìka mẹ́ta mẹ́rin fẹ́ ṣe? Drag flick, ìyẹn kí ẹ fi ọ̀pá wọ́ bọ́ọ̀lù kí ẹ sì jù ú láìlù ú, ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Níbi pẹ́nátì kọ́nà, ìgbá tí wọ́n ń fún yín nígbà tí alátakò bá ṣẹ̀ nítòsí gòólù wọn, bí ìgbá àkọ́kọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sílé bá jẹ́ èyí tí ẹ fi ọ̀pá lù, kò gbọdọ̀ ga ju 460 mm, ìyẹn gíga pákó ìsàlẹ̀ gòólù, nígbà tó bá ń kọjá ìlà. Drag flick kò ní irú ìdíwọ́ yẹn: bọ́ọ̀lù á jókòó sínú ìtẹ̀, ẹ ó wọ́ ọ, ẹ ó sì jù ú síbi tó bá wù yín. Fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ohun ìjà ni.

Ṣùgbọ́n ìtẹ̀ kan náà yẹn, bí ẹ bá fi í lu bọ́ọ̀lù láìjẹ́ pé ọwọ́ yín ṣíwájú bọ́ọ̀lù dáadáa, ojú ìkọ́ á kọjú sókè díẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì gbéra. Nínú ìdíje méjì péré, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbá kọ́nà tó wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni rẹfirí fagi lé e torí ó ga ju pákó lọ. Kóòṣì wa ò bínú. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé ẹyẹ lo ń yìn ni?" Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ọdẹ.

Mo ní kí n kúkú kọ́ drag flick nígbà yẹn, oṣù méjì gbáko, nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Pápá wa ni ò gbà. Láti Olympics Montreal ní 1976 ni họ́kì ńlá ti kúrò lórí koríko, orí kápẹ́ẹ̀tì tó dà bíi koríko tí wọ́n ń bu omi sí ni bọ́ọ̀lù ti ń yọ̀ gbọọrọ bí ẹja, ibẹ̀ sì ni atẹ̀nísàlẹ̀ ti mọ́lé. Ilẹ̀ tí èmi ń gbá a sí n'Íbàdàn, nígbà òjò koríko rẹ̀ ń hù ní ṣùkù-ṣùkù, nígbà ọyẹ́ ó le bíi kọnkéré. Ẹ wọ́ bọ́ọ̀lù díẹ̀, á ta kúrò nínú ìtẹ̀, ọ̀pá nìkan lẹ ó jù síwájú.

Ọyẹ́ ọdún náà ló parí rẹ̀. Ọ̀pá kọlu ọ̀pá, mo rí ìlà funfun tín-ín-rín kan lára tèmi, mo fi téèpù wé e. Lọ́sẹ̀ kejì ó là. Mo gbé e lọ bá àwọn tó ń fi fáíbà tún bọ́ńpà mọ́tò ṣe ní Mọ́kọ́lá. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó gba owó, ó lẹ̀ ẹ́. Ó wúwo bí ọmọ odó, kò sì lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó tún là.

Ìwúwo: òfin ní kò gbọdọ̀ ju 737 g, ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ súnmọ́ ọn. Gígùn: 36.5 ínṣì ló bá ọ̀pọ̀ wa mu. Àwọ̀: ẹ jọ̀ọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ má fi fóònù rà á bíi tèmi. Ẹ da ojú rẹ̀ pẹlẹbẹ bolẹ̀ lórí tábìlì, ẹ wo ibi tí àlàfo abẹ́ rẹ̀ ti ga jù, kí ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ìdí ìkọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kan án láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá ti kú lójijì, ó ti sán níbẹ̀.

Èmi ò ṣègbè o. Bí ẹ bá ní pápá oníkápẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń bu omi sí i, tó jẹ́ pé ẹ̀yin ni wọ́n ń gbé kọ́nà lé lọ́wọ́, tí ẹ sì lówó òmíì nílẹ̀ tó bá kán, ẹ ra atẹ̀nísàlẹ̀ oníkábọ́ọ̀nù. Ẹ̀yin yòókù, atẹ̀láàárín tèmi kì í gbá a le tó yẹn, àmọ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ nílẹ̀ ṣinṣin, ó sì ń dúró tí mo bá ní kó dúró. Àbúrò kan nínú ẹgbẹ́ wa, tó ń ṣiyèméjì láàárín méjèèjì, yá a lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá láti dán an wò. Kò tíì dá a padà.