Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ẹ́sítéètì Wa ní Lokogoma: Géètì Dára, Ògiri Ẹ̀yìn Ló Kù

Láìpẹ́, ẹgbẹ́ àwọn olùgbé ẹ́sítéètì wa ní Lokogoma, ní Abuja, yóò jókòó láti pinnu bóyá kí a tún àdéhùn ṣe pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ tí ó ń ṣọ́ wa, tàbí kí a wá òmíràn. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí pé ohun tí mo ní í sọ kan ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Gaduwa, Galadimawa, Lugbe àti Gwarinpa. Àwọn Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi tí ń gbé ní àwọn àdúgbò wọ̀nyí a sì máa bi mí bóyá ₦8,000 tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san lóṣù tó ohun tí a ń rí gbà. Ìdáhùn mi ni pé ó tó, bí ó bá jẹ́ pé ti ẹnu géètì nìkan ni a ń sọ.

Ní ẹnu géètì, iṣẹ́ wọn gún régé. Kí wọ́n tó dé, máígàdì ni a ní, pẹ̀lú ìwé kan lórí tábìlì rẹ̀ tí àlejò ń kọ orúkọ tí ó bá wù ú sí. Ẹni tí ó bá gun ọkọ̀ tí ó ń dán kì í tilẹ̀ kọ nǹkan kan, nítorí pé fífun fèrè ọkọ̀ ti tó láti ṣí irin náà. Nísinsìnyí, onílé ni yóò fi fóònù rẹ̀ ṣe kóòdù fún àlejò tí ó ń retí, yóò fi ránṣẹ́ sí i, ẹ̀ṣọ́ yóò sì tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó gbé irin sókè. Kóòdù náà kì í ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ni kì í di ọjọ́ kejì. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, èyí tí kì í ṣe ohun tuntun lọ́dọ̀ wa, ẹ̀ṣọ́ yóò pe onílé, kò sì ní jẹ́ kí àlejò fi ariwo tàbí orúkọ ọ̀gá kan dẹ́rù ba òun. Àwọn ajẹ́ńtì tí wọ́n máa ń kó ènìyàn wá wo ilé tí onílé kò fi sí ọjà ti dẹ́kun, àwọn tí wọ́n sì ń sọ pé Alhaji ni ó ní kí àwọn wá, láìmọ nọ́ńbà ilé Alhaji, ti ń ti ẹnu ọ̀nà padà. Ohun tí ó tún wù mí ni pé wọn kì í fi ìwọ̀sí lé ènìyàn: bí àgbàlagbà bá dé láìní kóòdù, wọn a fún un ní àga lábẹ́ ìbòòji títí ọmọ rẹ̀ yóò fi gbé fóònù.

Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń wọlé láìgbàṣẹ kì í sábà gba géètì. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Tiwa ti lanu láti ìgbà tí àgbàrá òjò ti wó apá kan rẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà ńlá. Ihò yẹn ni àwọn bàbán bólà ń gbà wọlé, àwọn tí ń ṣa irin àti ike kiri, tí díẹ̀ nínú wọn sì ń fi ìdérí gọ́tà àti wáyà ẹ̀rọ amúlétutù kún ohun tí wọ́n ń ṣà. Ibẹ̀ ni màlúù ń gbà wá jẹ koríko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibẹ̀ náà ni àwọn Gbagyi tí ń gbé ní abúlé ẹ̀yìn wa ń gbà kọjá sí títì, àwọn obìnrin wọn a gbé igi ìdáná lé èjìká, nítorí pé ní àṣà tiwọn, a kì í ru ẹrù lórí. Àwọn wọ̀nyí ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Àwọn baba wọn ti wà lórí ilẹ̀ yìí kí ìjọba ológun tó fi òfin ọdún 1976 yà á sọ́tọ̀ fún olú-ìlú, ipa ẹsẹ̀ tí wọ́n ń tọ̀ sì ti wà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ògiri.

Lójú ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ yìí, ọ̀kan náà ni gbogbo ẹni tí kò bá ní kóòdù: olè ni wọ́n. Ibi tí mo ti bínú sí wọn nìyẹn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn mú obìnrin kan pẹ̀lú ẹrù igi rẹ̀, wọ́n ní kí ó kúnlẹ̀ nínú oòrùn títí ọ̀gá wọn yóò fi dé, ọ̀gá náà kò sì tètè dé. Nígbà tí a fi ẹjọ́ sùn, wọ́n kọ̀wé tọrọ àforíjì, wọ́n sì gbé àwọn ẹ̀ṣọ́ náà lọ síbòmíràn. Ìyẹn dára, àmọ́ nígbà tí a béèrè fún ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀ lórí ohun tí ẹ̀ṣọ́ yóò ṣe bí ó bá mú ènìyàn, kò sí.

Bẹ́ẹ̀ òfin kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Penal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Abuja, sọ ní abala 342 pé wíwọ ibi tí ó wà ní ìkáwọ́ ẹlòmíràn kì í dédé di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, àfi bí ẹni náà bá ní in lọ́kàn láti dá ẹ̀ṣẹ̀ kan níbẹ̀, tàbí láti dẹ́rù ba ẹni tí ó wà níbẹ̀, láti tàbùkù rẹ̀ tàbí láti bí i nínú. Òfin ìṣàkóso ìdájọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 sì pàṣẹ pé kí ará ìlú tí ó bá mú afurasí fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a sì bọ̀wọ̀ fún iyì ẹni tí a mú. Ará ìlú ni ẹ̀ṣọ́ aládàáni jẹ́ lójú òfin. Ìwé àṣẹ tí àjọ Civil Defence fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò sọ ọ́ di ọlọ́pàá, kò sì gbọdọ̀ gbé ìbọn.

Bí ẹ bá fẹ́ gba irú ilé-iṣẹ́ báyìí, ìṣọ́ òru ni kí ẹ fi ojú sí jùlọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wa ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń fi kan àmì tí a lẹ̀ mọ́ òpó iná, kí ó lè hàn ní ọ́fíìsì wọn pé wọ́n dé ibẹ̀ àti aago tí wọ́n dé e. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń fún wa lóṣooṣù mọ́ tónítóní, kò sí òpó tí wọ́n fò. Nígbà tí mo wá fi ẹsẹ̀ ara mi tọ àwọn àmì náà, gbogbo wọn ni ó wà lójú títì ọlọ́dà níbi tí iná wà. Kò sí ẹyọ kan lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn. Ẹ̀ṣọ́ lè rin gbogbo ìrìn tí a ń sanwó fún, kí ojú rẹ̀ má sì kan ihò náà rárá. Ọ̀gá wọn ṣàlàyé pé ìgbìmọ̀ wa àtijọ́ ni ó yan ibi tí àmì wà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ìṣọ́ ṣe iṣẹ́ ni ó yẹ kí ó sọ fún wa pé olè kì í rìn lábẹ́ iná.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún wà. Orúkọ àlejò, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ti ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ, àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá wọn sì ń tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù ara wọn. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 kò fàyè gba irú ìwà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tètè dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Èmi yóò dìbò kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ fún oṣù mẹ́fà, kì í ṣe ọdún kan tí wọ́n ń béèrè. Kí wọ́n lẹ àmì mọ́ ògiri ẹ̀yìn, kí wọ́n sì kọ ìlànà ìmúni sílẹ̀ ní èdè Hausa pẹ̀lú, nítorí pé òun ni púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. A ti bá olórí abúlé sọ̀rọ̀ lórí géètì kékeré kan tí yóò máa wà ní ṣíṣí láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ fún àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn, ilé-iṣẹ́ náà sì gbà láti fi ẹ̀ṣọ́ kan síbẹ̀ láìfi owó kún owó. Ní ti ògiri tí ó wó, kò sí nínú àdéhùn wọn. Àwa onílé ni yóò dá owó rẹ̀, díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pariwo olè jùlọ ni kò sì tí ì san tiwọn.