Telegram fún gúrúùpù aláró wa l'Óṣogbo: ibi tó ti dáa, ibi tó kù sí

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ Telegram díẹ̀, kì í ṣe fún ẹni tó kàn fẹ́ fi bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní gúrúùpù tí ìmọ̀ kún inú ẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni ò rí ìmọ̀ ọ̀hún mú nígbà tó bá ń wá a, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Gúrúùpù tiwa, aró la fi ń ṣe fàájì. Òṣogbo kúkú ni ìlú aró, èèyàn ò lè máa gbé ibí kó má wù ú kó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, torí náà a ní tíṣà, a ní òṣìṣẹ́ ìjọba, a ní akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN, a ní àwọn tó ti lọ ń gbé l'Ékòó àti n'Íbàdàn tí wọ́n ń rẹ aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní Sátidé, àwọn tó ń fi ṣiṣẹ́ jẹun náà sì wà níbẹ̀, àwọn ìyá wa láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun àti Ọjà Ọba, tó jẹ́ pé ẹnu wọn la ti ń gbọ́ ohun tó ṣe kókó jù.

Áàpù tá a ń lò tẹ́lẹ̀, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ojú kan ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá níbẹ̀. Ẹ kú ọjọ́ ìbí, àdúrà Jímọ̀, ẹni tó ń ta ìbọ̀wọ́, ìdáhùn tí ìyá kan fi ogójì ọdún kọ́, ọ̀kan á kàn máa tẹ̀lé èkejì ni, tó bá fi máa di alẹ́ kò sẹ́ni tó tún máa rí i mọ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ò sì rí nǹkan kan nínú ohun tá a ti sọ kó tó dé, á bá béèrè pé "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí aró mi ò mú aṣọ?" Àwọn àgbà á dáhùn, ẹlòmíì á tún béèrè ẹ̀, wọ́n á tún dáhùn, tó bá yá wọ́n á dákẹ́ torí ó ń rẹ èèyàn. Ibẹ̀ ló dùn mí jù. Ìyá tó bá dákẹ́ nínú gúrúùpù, ohun tó mọ̀ ti dákẹ́ pẹ̀lú ẹ̀ nìyẹn.

Nǹkan tó gbé wa dé Telegram ni ohun tí wọ́n ń pè ní Topics, oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni wọ́n mú un jáde. Gúrúùpù kan ṣoṣo ṣì ni, àmọ́ ádímíìnì lè pín in sí yàrá-yàrá, kí kálukú máa wọ yàrá tí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ wà. A ní yàrá ẹlú, ìyẹn ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, yàrá kẹ́míkà, yàrá ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ya bátànì sára aṣọ, yàrá iko tí wọ́n fi ń di aṣọ àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán an kí wọ́n tó rẹ ẹ́, yàrá àbẹ́là fún àwọn tó ń ṣe bàtíkì, yàrá aṣọ, yàrá orúkọ bátànì, ibi ìkíni àti àwàdà wà lọ́tọ̀, ibi ọjà wà lọ́tọ̀. Ẹni tó wọlé lónìí lè ka gbogbo ohun tá a ti sọ sẹ́yìn, tí ádímíìnì bá ti fi í sí pé kó hàn. Èèyàn tún lè fi nọ́ńbà fóònù ẹ̀ pa mọ́, èyí sì wu àwọn obìnrin inú wa gan-an torí wọn ò fẹ́ kí àjèjì máa pè wọ́n lóru.

Yàrá kẹ́míkà ló kọ́kọ́ fi hàn mí pé nǹkan yìí wúlò. Lókè ibẹ̀ gan-an, a lẹ ọ̀rọ̀ ààbò mọ́ ọn: kọ́sítíìkì sódà lẹ máa dà sínú omi, ẹ ò gbọ́dọ̀ da omi lé kọ́sítíìkì lórí, á hó, á sì ta séèyàn lójú. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ́mù, èyí tá a máa ń pè ní sílífà, kọ́sítíìkì máa ń jẹ ẹ́, ike tàbí páànù tí wọ́n kùn ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́. Lábẹ́ ẹ̀ ni ìdáhùn sí "aró mi ò mú" wà. Bóyá afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ti wọ inú hydros ẹ, ìyẹn ìyẹ̀fun kẹ́míkà tá a máa ń lò pẹ̀lú kọ́sítíìkì, kò lágbára mọ́, torí náà inú nǹkan tó dé pinpin ni kó o máa kó o sí. Bóyá o ò kọ́kọ́ fọ aṣọ tuntun yẹn kí tááṣì ara ẹ̀ kúrò. Tàbí kó jẹ́ pé aṣọ ọ̀hún kì í ṣe òwú rárá, torí polyester ò ní gba irú aró yìí, bó ti wù kó dán bíi gínì tó. Ẹni tó bá béèrè báyìí, líǹkì la kàn máa fi ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú ìkíni o, torí kò dáa ká máa ju líǹkì lu èèyàn bí ẹni ń lé e, á kà á, tí nǹkan kan bá kù tí kò yé e, á wá béèrè ìyẹn, ìbéèrè tuntun nìyẹn, inú àwọn àgbà sì máa ń dùn sí i.

Yàrá ẹlú ò pọ̀ lọ́rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ torí díẹ̀ ló ṣì ń gún ewé, tó ń sá a, tó sì ń fi omi eérú rẹ ẹ́. Àmọ́ ibẹ̀ la ti rí àlàyé tó dáa jù lórí ohun tó ń ba àwọn ọ̀dọ́ lẹ́rù, pé aṣọ á jáde látinú ìkòkò pẹ̀lú àwọ̀ ewé, kò ní dúdú. Kò bàjẹ́. Fẹ̀ ẹ́ sí atẹ́gùn, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù, kó o tún rì í bọ̀ ọ́ títí á fi dúdú tó bó o ṣe fẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni yàrá orúkọ bátànì. Ẹnì kan á ya fọ́tò aṣọ ìyá ẹ̀ àgbà tó wà nínú àpótí, á ní ẹ bá òun wo kí ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó mọ̀ á ní Ìbàdàndùn ni, ẹ ò rí òpó gbọ̀ngàn Mápó láàárín ẹ̀, tàbí Olókun, tàbí tó bá jẹ́ oníko, Oṣùbàmbá. A fẹnu kò pé ẹni tó bá dárúkọ bátànì gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó sọ ọ́ fún un àti ìlú tó ti gbọ́ ọ. Tí Òṣogbo àti Abẹ́òkúta bá pè é ní nǹkan méjì, a ò ní jà, a máa kọ méjèèjì sílẹ̀. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ní Nike Centre, èyí tí Màmá Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀ l'Óṣogbo ní 1983, máa ń ràn wá lọ́wọ́ gan-an níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tó kù sí. Àwọn ìyá wa kì í tẹ ọ̀rọ̀, fóìsì nóòtù ni wọ́n ń ṣe, ibi tí wọ́n bá sì ti ń sọ ọ́ ni orin àti ìtàn á ti wọ̀ ọ́, ó máa ń dùn-ún gbọ́. Àmọ́ tó o bá ń wá nǹkan lórí Telegram, ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ ló máa bá ẹ wá, kò ní wọ inú ohùn. Àfi ká ní àwọn ọ̀dọ́ tó máa gbọ́ ọ, tí wọ́n á tẹ kókó ẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, tí wọ́n á fi àmì #elu tàbí #eko sí i. Láìsí àmì ohùn la ń kọ hashtag, gbogbo wa lọ́nà kan náà, torí tí ọ̀kan bá kọ ọ́ báyìí tí èkejì kọ ọ́ báyẹn, ọ̀nà ti yà nìyẹn. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ yìí o, kò sì sí áàpù tó máa bá yín ṣe é. Ẹ wá èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tó nífẹ̀ẹ́ sí i, kẹ́ ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lójú gbogbo gúrúùpù.

Ohun kejì, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ lè pa á rẹ́ nígbà tó bá wù ú, ẹlòmíì ò sì lè tún ohun tó o kọ kọ. Torí ẹ̀ la ṣe ń da èyí tó ti dájú sínú Google Docs. Ibẹ̀, àwọn tá a bá fún láyè lè jọ tún un ṣe, tí ẹnì kan bá sì bà á jẹ́, èèyàn lè padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, á tún rí ẹni tó yí i padà. Fọ́tò àti fídíò wà lórí Drive, 15GB ló wà lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ Gmail yín wà nínú ẹ̀ o. Fídíò tó bá wúwo, Telegram gba fáìlì kan tó tó 2GB láìsanwó, ẹ fi síbẹ̀.

Ẹ sì tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó kọ ohun tí àgbà sọ sílẹ̀. Aláró míì ní ìwọ̀n tí òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ nìkan mọ̀, ohun tó ń bọ́ ọ ni, tó bá ní kó má jáde, kó má jáde. Tó bá gbà, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sí i tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Gúrúùpù Telegram kì í ṣe ibi àṣírí, ìtìpa wọn tó lágbára jù, Secret Chats, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí láàárín ẹni méjì, nìkan ni wọ́n fi í sí, ẹ má fi nọ́ńbà báńkì síbẹ̀.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ ibi ètò gúrúùpù, ẹ tan Topics, kẹ́ ẹ sì yí ti "Chat history for new members" sí Visible kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wọlé. Ẹ má ṣí yàrá tó pọ̀ jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mẹ́rin tó, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè àwọn èèyàn fi èyí tó kù hàn yín. Àwọn ìyá tí kò ní Telegram lórí fóònù wọn, ẹ bẹ àwọn ọmọ-ọmọ wọn.