Picavet àbí Onírin Gbọọrọ: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Láti Fi Káìtì Ya Fọ́tò l'Ékòó?

Kí ẹ tó náwó sórí ohunkóhun, ẹ gbé kámẹ́rà yín lé òṣùwọ̀n. Èmi kì í jẹ́ kí kámẹ́rà àti férémù rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gbé e rọ̀ sára okùn káìtì, lápapọ̀ kọjá gíráàmù 350. Afẹ́fẹ́ òkun máa ń fẹ́ dáadáa lọ́sàn-án, àmọ́ ó lè rọlẹ̀ lójijì, káìtì tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Férémù méjì ni ẹ máa rí jù. Pierre Picavet, ará Faransé, ló gbé èkínní jáde ní 1912, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é. Irin pẹlẹbẹ méjì tó dábùú ara wọn ni. Okùn kan ṣoṣo ló ń gba òrùka tó wà létí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá, tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn àti ibi méjì tí wọ́n so ó mọ́ lára okùn káìtì. Bí okùn káìtì bá ga sí i tàbí tó wálẹ̀, okùn yẹn á yọ̀ gba inú òrùka, kámẹ́rà á sì dúró pẹrẹsẹ. Èkejì ni onírin gbọọrọ, kò díjú rárá: ọ̀pá irin gbọọrọ kan ló rọ̀ sílẹ̀ láti ara okùn, kámẹ́rà wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Onírin gbọọrọ kì í lọ́, kíá ni ẹ máa so ó tán. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá já káìtì gbà lẹ́ẹ̀kan, á máa fì síwá sẹ́yìn, kò sì ní tètè dákẹ́. Picavet máa ń tètè dákẹ́. Ilẹ̀ ni ìyọnu tirẹ̀ wà: ẹ gbé e kalẹ̀ láìṣọ́ra, okùn rẹ̀ á lọ́ mọ́ra bí ìfun ewúrẹ́. Mo ti jókòó tú u títí oòrùn fi wọ̀.

Ní Tarkwa Bay, tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ tààrà láti òkun, onírin gbọọrọ tó. Ní Erékùṣù Èkó, àwọn ilé gogoro ti fọ́ afẹ́fẹ́ sí wẹ́wẹ́, Picavet nìkan ni màá gbé jáde níbẹ̀. Ní Akọka, létí ọ̀sà, mo ti lo méjèèjì. Onírin gbọọrọ ya Third Mainland Bridge fún mi bí ẹni pé afárá náà fẹ́ dà sómi, nínú fọ́tò tó ju ìdajì lọ. Picavet yà á gbọọrọ, ó tẹ́jú, ọkọ̀ apẹja kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹ lè ka àwọn tó jókòó sínú rẹ̀.

Picavet ni kí ẹ rà. Lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹ fi èékánná yín gba inú òrùka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá. Èyí tó bá ha èékánná á ha okùn títí á fi já.

Wọ́n á tún fi èyí tó ní mọ́tò hàn yín, tí ẹ ó máa fi rìmóòtù yí kámẹ́rà láti ilẹ̀. Mọ́tò wúwo, bátìrì rẹ̀ wúwo, owó rẹ̀ sì ga. Ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Ní ti kámẹ́rà, GoPro Hero 11 wọn nǹkan bí gíráàmù 150, ó sì lè máa ya fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 5. Ricoh GR III wọn 257. Fọ́tò rẹ̀ dára jù, àmọ́ ó fẹ́ káìtì ńlá. Fóònù àtijọ́ wà láàárín méjèèjì, ẹ kàn máa bọ́ páálí ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò.

Kí okùn káìtì jẹ́ Dacron, ìyẹn okùn polyester tí kì í fà púpọ̀, kì í ṣe ọ̀rá ìpẹja tó ń fà bíi rọ́bà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ jẹ́ kí káìtì gòkè tó mítà 30, kó fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ẹ tó so férémù mọ́ ọn. Ẹ jìnnà sí wáyà iná àti agbègbè pápákọ̀ òfúrufú Ìkẹjà.

Ẹ sì bèèrè bóyá okùn kékeré kan wà tó so kámẹ́rà fúnra rẹ̀ mọ́ férémù. Tí kò bá sí, ẹ so ó fúnra yín. Síkúrù kan ṣoṣo ló tú lára tèmi ní Akọka, fóònù mi sì wọ inú ọ̀sà pẹ̀lú gbogbo fọ́tò ọ̀sán ọjọ́ yẹn.