Ìkìlọ̀: Gílóòbù LED “a-bá-gbogbo-tọ́ọ̀ṣì-mu” tí wọ́n ń tà fún tọ́ọ̀ṣì orí àtijọ́, jìbìtì ni

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ní tọ́ọ̀ṣì orí àtijọ́ lọ́wọ́, irú Petzl Zoom tàbí Petzl Duo tí àwọn tó ń wọ ihò àpáta ní Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ dúró ná kí ẹ tó sanwó. Ọjà kan ń jà ràn-ìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ẹni tó ń tà á máa ń yí padà, àmọ́ ohun tó wà nínú páálí kì í yí: gílóòbù LED méjì, bátìrì lítíọ́mù, àti àkọlé gàdàgbà pé “3W, 800 lumen, 3V sí 18V, ó bá gbogbo tọ́ọ̀ṣì mu, 9900mAh”. Kò sí ẹyọ kan tó jẹ́ òótọ́ nínú márààrún.

Ẹni tó rà á láti fi wá kọ́kọ́rọ́ lóru á kàn ṣépè fún ẹni tó tà á ni. Ẹni tó fẹ́ gbé e wọ ihò, níbi tí ilẹ̀ kì í ti í mọ́ bó ti wù kéèyàn pẹ́ tó níbẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Ẹ̀yin ọdẹ tẹ́ ẹ ń fi iná orí rìn nínú igbó náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Orí lumen, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára gílóòbù, ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni irọ́ náà ti tóbi jù. Gílóòbù halogen inú Zoom, irú gílóòbù àtijọ́ tí wáyà ń tàn nínú rẹ̀, 4V àti 0.5A ló sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, wáàtì méjì ni. Irú LED tí wọ́n ń fi sínú gílóòbù kékeré, tó bá dáa, tó sì rí ohun tó ń gba ooru kúrò lára rẹ̀, nǹkan bíi 100 sí 150 lumen ló ń mú jáde nínú wáàtì kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: wáàtì mẹ́ta kò lè kọjá 450, ìyẹn bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, kì í sì í lọ déédéé nínú ohun tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Níbo ni 800 ti wá?

3W yẹn gan-an irọ́ ni, mítà tí wọ́n fi ń wọn iná sì máa ń tú u fó. Ẹ ki wáyà pupa mítà bọ ihò 10A, ẹ yí ojú rẹ̀ sí áḿpù DC, kí ẹ wá jẹ́ kí iná bátìrì gba inú mítà kọjá kó tó dé ara gílóòbù. (Ẹ má fi ẹnu wáyà mítà méjèèjì kan bátìrì tààrà nígbà tó bá wà lórí áḿpù o, fúùsì inú rẹ̀ á jó, tàbí kí mítà fúnra rẹ̀ bá a lọ.) Lórí bátìrì 4.5V, gílóòbù 3W gbọ́dọ̀ máa fa nǹkan bíi 0.67A. Ohun tí ẹ óò rí lójú mítà kò ní ju 0.15A lọ, ìgbà mìíràn kò tilẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ò jìnnà. Ẹ fi ọ̀bẹ tínrín yọ orí LED náà kúrò lára ìdí rẹ̀, kí ẹ wo inú. Rẹsístọ̀ kan ṣoṣo, ohun tó ń dín iná tó ń kọjá kù, lẹ máa bá níbẹ̀, dúdú pẹlẹbẹ, tí wọ́n kọ “100” sí lẹ́yìn. Ọ́ọ̀mù 10 ni 100 yẹn túmọ̀ sí, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún. LED funfun máa ń gba nǹkan bíi 3V sára. Ìyókù, rẹsístọ̀ ló ń rù ú. Tí bátìrì bá jẹ́ 4.5V, 1.5V ló kù, ẹ fi 10 pín in, 0.15A nìyẹn. Tí bátìrì bá ti lọ sílẹ̀ dé 3.6V, 0.06A ló kù, iná náà á sì máa kú lọ díẹ̀díẹ̀ bí bátìrì ṣe ń rẹ̀. Tó bá jẹ́ òkúta AA mẹ́ta tó ṣeé cháàjì lẹ fi sínú Zoom, 1.2V ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àròpọ̀ wọn ò ju 3.6V lọ. Ìyẹn ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni iná náà á ti ṣú.

Nínú Duo tó ń lo AA mẹ́rin, 6V, ibòmíì ló ti máa bàjẹ́. Iná tó ń kọjá di 0.3A, rẹsístọ̀ náà sì ń ru 0.9W, bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin wáàtì ni irú rẹ̀ sábà máa ń lè rù. Á gbóná, á yí àwọ̀, sólídà ìdí rẹ̀ á yọ́, gílóòbù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ká má tíì sọ ti 18V tí wọ́n kọ sí páálí: rẹsístọ̀ yẹn á fẹ́ ru ohun tó lé ní wáàtì 22. Èéfín lẹ máa kọ́kọ́ rí.

Gílóòbù tó gba oríṣiríṣi fóòltì lóòótọ́ ní sákíìtì kékeré nínú: kọ́ìlì tí wọ́n wé wáyà mọ́, áísì (IC) kékeré kan, ó kéré tán. Tí ẹ bá bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé “mélòó mA ló ń fà ní 3.6V, mélòó ní 6V?”, ẹni tó mọ ọjà rẹ̀ á dáhùn. Ẹni tó bá ń fi “ẹ̀gbọ́n, ó mọ́lẹ̀ gan-an” dá yín lóhùn, ẹ kúrò níbẹ̀.

Mi ò ní purọ́ mọ́ gílóòbù náà o. 0.15A yẹn lè fúnni ní nǹkan bíi 45 lumen, halogen 2W àtijọ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Bátìrì á tún pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Ká ní wọ́n kọ 45 lumen sí i tí wọ́n sì gba owó 45 lumen, kò sẹ́ni tó máa bá wọn jà. Àwọ̀ rẹ̀ tó dà bí búlúù ló ń tan ojú jẹ ní ṣọ́ọ̀bù, níbi tí iná wà tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé e wọ yàrá tó ṣókùnkùn biribiri, ẹ dúró ní mítà mẹ́ta sí ògiri, kí ẹ tan ti àtijọ́ àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú yín á là.

“Ó bá gbogbo tọ́ọ̀ṣì mu” wá ńkọ́? Ìdí gílóòbù kékeré tó wọ́pọ̀ jù lára tọ́ọ̀ṣì, oríṣi méjì ni. E10 ní ẹsẹ̀ tí wọ́n ń yí wọlé bíi síkúrúù, mìlímítà 10 ni ìbú rẹ̀. P13.5s kò ní ohun yíyí. Ó ní ọ̀já irin róbótó kan lọ́rùn tó máa ń jókòó sí ojú ihò. Ọ̀kan kò lè wọ ilé èkejì. Ẹ yọ gílóòbù àtijọ́ yín, ẹ wo ìdí rẹ̀ àti fóòltì tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀, kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Bó bá tilẹ̀ wọlé, gígùn rẹ̀ ṣì kù. Wáyà tó ń tàn nínú gílóòbù àtijọ́ wà ní ojú ibì kan pàtó láàárín àwo dídán tó yí i ká, ibẹ̀ ni àwo náà ti ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sọ síwájú. LED kò tàn yíká. Iwájú nìkan ló ń tàn sí, fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kan àwo náà. Ẹ óò máa yí ọrùn Zoom sọ́tùn-ún sósì, kò ní kó jọ, tàbí kí òkùnkùn róbótó kan wà láàárín ìmọ́lẹ̀. Fún ibi tí wọ́n ti ń rákò, kò burú, ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ gan-an ló dáa níbẹ̀. Fún kòtò gígùn tí wọ́n ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀, tí ẹ ní láti rí ìdí rẹ̀ kí ẹ tó so ara yín mọ́ okùn, kò wúlò. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ Duo, tó ní ojú gílóòbù méjì, fi máa ń fi halogen sílẹ̀ ní ojú kan, tí wọ́n á fi LED sí ojú kejì.

Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kan tún wà tí wọ́n fi ń sá fún dídá owó padà. Gílóòbù àtijọ́ kò mọ pọsitífù yàtọ̀ sí nẹgatífù. LED mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá fi sí i tí kò tàn, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ fi sódì, ẹ ti jó o, kò sí dídá padà. Ẹ má gbà. Ní 4.5V, LED tí wọ́n fi sódì kì í sábà jó, kò kàn ní tàn ni. Ẹ mú bátìrì pẹlẹbẹ 4.5V, èyí tí wọ́n ń pè ní 3LR12, ẹ fi ìdí gílóòbù kan etí rẹ̀ méjèèjì: etí kúkurú ni pọsitífù, gígùn ni nẹgatífù. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ṣónṣó ìdí gílóòbù ló ń fẹ́ pọsitífù. Tó bá tàn lọ́wọ́ tí kò tàn nínú tọ́ọ̀ṣì, inú tọ́ọ̀ṣì ni pọsitífù ti wà lódìkejì.

Ti bátìrì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bátìrì lítíọ́mù tí wọ́n ń pè ní 18650, èyí tó fẹ̀ ní mìlímítà 18, tó gùn ní 65, kì í ní 9900mAh (mAh ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà sínú). Ojúlówó tó dáa wà ní àyíká 3500mAh, ó sì máa ń wọn gíráàmù 45 sí 50. Ẹ gbé èyí tí wọ́n tà fún yín sórí ìwọ̀n ilé ìdáná. Tó bá wọn 30, bátìrì kékeré kan ni wọ́n fi sínú agolo ńlá. Àwọn kan ti tú irú rẹ̀ tí wọ́n bá ìyẹ̀fun nínú rẹ̀.

Èyí tó wá léwu jù ni bátìrì lítíọ́mù 14500. Mìlímítà 14 ní 50 ni, òkúta AA gan-an ló jọ, ilé AA ló sì ń wọ̀. Àmọ́ 3.7V ni, tó bá kún ó di 4.2V. Àwọn oníjìbìtì yìí máa ń kọ̀wé sí àwọn oníbàárà pé kí wọ́n fi í rọ́pò AA “kí iná lè mọ́lẹ̀ sí i”. Mẹ́rin nínú Duo di 16.8V. Ẹ rántí rẹsístọ̀ ọ́ọ̀mù 10 yẹn: nǹkan bíi wáàtì 19 ló máa gbà sára, nínú ike tí wọ́n dí pa kí omi má bàa wọ̀ ọ́, pẹ̀lú lítíọ́mù tí kò ní ààbò kankan. Orí èèyàn sì ni tọ́ọ̀ṣì yìí ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó yẹ ní rírà. E10 oní-1W, tí wọ́n kọ mA rẹ̀, fóòltì tó kéré jù tó lè gbà, àti ìhà tí pọsitífù wà. Tí wọ́n bá kọ nǹkan bíi 80 sí 120 lumen sí i, ẹ lè gbà wọ́n gbọ́. Ẹ má wá 3W fún ilé oníke. Kò sí irin tó máa gba ooru kúrò, LED á gbóná, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á rẹlẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ á sì kúrú. Lumen tí wọ́n bá kọ FL1 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìlànà tó dè é: ANSI, àjọ tó ń rí sí ìlànà ọjà ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 2009, ó sì sọ bí wọ́n ṣe ń wọn ìmọ́lẹ̀ àti àkókò tí iná fi ń tàn.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ yẹ tọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ wò. Púpọ̀ nínú iná tó ń ṣú, gílóòbù kọ́ ló ń ṣe é, ìpẹtà ni. Ẹ tan án, ẹ wọn fóòltì lórí bátìrì, ẹ wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i ní ilé gílóòbù. Tí ìyàtọ̀ bá ju 0.2V lọ, ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ nu ìpẹtà tó ru bo irin náà, ẹ fi omi díẹ̀ ṣan án, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ wá fi sáńpépà tó kúnná ha á. Ó lè jẹ́ ìyẹn nìkan ló kù kó tàn bíi tuntun. Ti iná orí àwọn awakùsà ni kí ẹ má fọwọ́ kàn: wọ́n ṣe é kó má ta pàrà níbi tí gáàsì wà, ẹni tó bá tú u ti ba ààbò yẹn jẹ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ gílóòbù, ẹ tan án sílẹ̀ nílé títí bátìrì á fi kú, kí ẹ máa fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ lóòrèkóòrè. Tó bá gbóná débi tí ọwọ́ ò gbà á, kò gbọ́dọ̀ wọ ihò. Bó ti wù kó dára tó, iná mẹ́ta tí kò gbára lé ara wọn ni àwọn tó ń wọ ihò máa ń mú dání, ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Tí owó bá ti lọ, ẹ má pa ìjíròrò yín pẹ̀lú ẹni tó tà á rẹ́. Ẹ ya fídíò níbi tí mítà ti ń fi 0.15A hàn, ẹ ya ìwọ̀n bátìrì, kí ẹ sì kọ̀wé pé ọjà kò bá àkọlé rẹ̀ mu. Ẹ má kọ pé “kò tàn dáadáa”. Tí wọ́n bá ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn dá ìdajì owó padà kẹ́ ẹ lè pa ẹjọ́ rẹ́, ẹ kọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bá jẹ́ ọwọ́ oníṣòwò lẹ ti rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ 14 ni òfin fún yín láti yí ọkàn padà lẹ́yìn tí ọjà bá dé, àti ọjọ́ 30 láti dá ọjà tó ní àbùkù padà kí ẹ gba gbogbo owó yín. Ní Nàìjíríà, àjọ FCCPC ló ń gba ẹjọ́ oníbàárà, àjọ SON sì ni ti ọjà ayédèrú. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun níta ìkànnì tí ẹ ti rí ọjà, ẹ má dá a lóhùn rárá. Ẹ san án nígbà tí ọjà bá dé, kí mítà àti ìwọ̀n wà lọ́wọ́ yín kí ẹni tó gbé e wá tó lọ.

Bátìrì ayédèrú tó ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ má cháàjì í mọ́. Ẹ fi téèpù dí orí àti ìdí rẹ̀, ẹ fi sínú agolo níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti lè tó o, ẹ má sì jù ú sínú iná tàbí ààtàn. Àwọn tó ń gba bátìrì àtijọ́ ni kẹ́ ẹ kó o fún.